Ó Dùn Mọ́ Mi, Ó Dùn Mí: Bí A Ṣe Ń Ṣe Yóga Láì Fara Pa

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí àwa obìnrin bíi mẹ́jọ bá tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú àgbàlá ọ̀rẹ́ wa kan ní Tanke, nílùú Ìlọrin: “Ẹ̀gbọ́n, ó ń dùn mí o. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?” N kì í lè dáhùn láì kọ́kọ́ béèrè tèmi. Irú dídùn wo? Níbo gan-an? Ṣé ó ń fà ni àbí ó ń gún? Ṣé ó ń ro ni àbí ó ń ta? Ẹni tó bá fara balẹ̀ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe kí n tó la ẹnu.

Nínú èdè wa, “ó dùn mọ́ mi” àti “ó dùn mí” jọra débi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá lè máa gbé ọ̀kan fún èkejì. Ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ló là wọ́n láàárín. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí ẹní. Ààlà tó wà láàárín nínà tó ń ṣe ara lóore àti nínà tó ń já nǹkan tín-ín-rín, ẹni tó wà níta ò sì lè rí i. Olùkọ́ ò rí i, fídíò ò rí i. Ẹni tó ni ara ló lè gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fara pa nídìí yóga ló gbọ́ ohun tí ara sọ dáadáa. Wọ́n kàn rò pé ó yẹ kí àwọn fara dà á ni. Èrò yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá: ilẹ̀ Íńdíà ni yóga ti wá, ó sì ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ tí wọ́n ti ń kọ́ra wọn. Orúkọ náà jẹ mọ́ síso nǹkan pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá da àjàgà bo màlúù méjì lọ́rùn. Ìdúró wà níbẹ̀, ìjókòó wà, ìtẹ̀ba àti ìdùbúlẹ̀ wà, mímí sì ni okùn tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìdúró tí a ń rí lórí fóònù lónìí kò tilẹ̀ dàgbà tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni wọ́n gbòde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún yóga, láti 2015 sì ni wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí àwọn àgbà yóga fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ìjókòó gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin, kó sì tu ẹni tó jókòó lára. Ṣinṣin, pẹ̀lú ìtura. Bí ọ̀kan bá kúrò nínú méjèèjì, ohun tí à ń ṣe ti di nǹkan mìíràn.

Nílùú àwọn alfa bíi Ìlọrin, wọ́n á bi yín bóyá ẹ̀sìn ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè yẹn. Gbòǹgbò yóga wà nínú ẹ̀sìn ilẹ̀ Íńdíà, àwọn kan sì máa ń kọrin ìjọsìn sí i. Ní 2008, ìgbìmọ̀ fátúwà ti Malaysia sọ pé yóga tó ní irú orin àti ìjọsìn bẹ́ẹ̀ nínú kò tọ́ fún Mùsùlùmí. Ní 2017, Saudi Arabia fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Àwa kì í kọrin kankan. Ara nínà àti mímí là ń ṣe. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, kó lọ bi alfa tàbí pásítọ̀ rẹ̀ ná, torí ẹni tó ń ṣe nǹkan tìfura-tìfura, ara rẹ̀ kì í rọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ìjàkádì lorò Ọ̀fà, bí wọ́n ṣe ń kì wá nìyẹn, mo sì gbé ẹ̀mí ìjàkádì wọ inú yóga. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, fídíò orí fóònù ni olùkọ́ mi. Obìnrin inú fídíò náà na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, kò ká orúnkún, ó tẹ̀ba, ó sì gbé orí lé ojúgun. Èmi náà fẹ́ gbé orí lé ojúgun. Ẹ̀yìn itan mi ń fà, mo ní kó máa fà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lábẹ́ ìdí, níbi eegun tí a fi ń jókòó, mo ní kí n má ṣojo. Mo ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, nǹkan dún “tá” níbẹ̀ bíi rọ́bà tó já. Fún oṣù méje, mi ò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n fi òrí wọ́ ọ fún mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó burú sí i. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú eegun àti ẹran ara, nílé ìwòsàn ni mo tó mọ̀ pé ibi tí okùn ẹ̀yìn itan ti so mọ́ eegun ìdí ló ya díẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń ṣe yóga débi pé àwọn òyìnbó ti sọ ọ́ lórúkọ ìnagijẹ.

Iṣan wo?

Ohun kan tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ wa lọ́wọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń pe nǹkan púpọ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan. Ohun tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan. Ohun tó ń gbé ìròyìn láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ, iṣan. Tí olùkọ́ bá wá ní “ẹ na iṣan yín,” èwo la fẹ́ nà nínú wọn?

Ẹran la fẹ́ nà, ìyẹn ẹran tó ki ní àárín itan, ní apá, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn. Ẹran gba nínà. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, tó bá fara pa díẹ̀, kì í pẹ́ jinná. Okùn tó so ẹran mọ́ eegun yàtọ̀: ó le, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò pọ̀. Ìdè tó so eegun mọ́ eegun ní oríkèé, bíi ti orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, tún yàtọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó mú eegun dúró sáyè rẹ̀. Tí a bá nà án kọjá ààlà, ó lè má padà sí bó ṣe wà mọ́, oríkèé yẹn á sì máa mì lójú ihò rẹ̀. Ẹran dà bí oko ẹ̀bá odò tí nǹkan ọ̀gbìn ti ń tètè hù. Okùn àti ìdè dà bí oko orí àpáta. Ìdí nìyẹn tí ara ríro ẹni tó gún iyán fún ogún àlejò fi ń lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ìdí tèmi sì gba oṣù méje. Èyí tó ń gbé ìmọ̀lára ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni na òun rárá. Tí a bá fà á, á ta bí ata.

Nítorí náà, àárín ẹran ni kó ti máa fà, kó má ṣe jẹ́ níkangun rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ba, tó jẹ́ pé àárín ẹ̀yìn itan lẹ ti ń gbọ́ ọ, ó dára. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ìdí tàbí kòtò ẹ̀yìn orúnkún ló ń ké, ẹ ká orúnkún lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbáròkó lẹ ti ń ṣẹ́ po, bí ẹni fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, dípò kí ẹ máa ká ẹ̀yìn bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ kúkúrú gbálẹ̀. Bí orí ò bá kan ojúgun láé, kò sí ohun tó sọnù. Orí tó kan ojúgun ò wo àìsàn kankan sàn.

Ohun tí ara ń sọ

Ẹ jẹ́ kí n to àwọn ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe máa ń to wọ́n fún àwọn ará ilé wa. Fífà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń dẹ̀ bí ẹ ṣe ń mí síta, ìyẹn ni “ó dùn mọ́ mi.” Ẹ dúró níbẹ̀. Ara ríro tó dé lọ́jọ́ kejì, tó ro káàkiri bí ẹni tó roko, tó sì ń dín kù bí ẹ ṣe ń rìn, kò léwu. Ẹran tó ṣiṣẹ́ ló ń sinmi. Gígún, pàápàá tó bá dá ojú kan gún ní oríkèé, ẹ jáde kúrò nínú ìdúró yẹn. Títa tàbí jíjó bí iná tó sáré gba ẹsẹ̀ wá sísàlẹ̀, ẹ jáde. Kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kú, tàbí kó máa ṣe yín bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára, ẹ jáde, kí ẹ má sì na ibẹ̀ mọ́ títí tí yóò fi padà bọ̀ sípò. Òyì tó kọ́ yín, ẹ jókòó. Àyà tó ń dunni tàbí tó ń fún pọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ẹní mọ́. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù tí oríkèé wọn bá dún kọ̀. Tí kò bá sí dídùn, tí kò sì wú, afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló sábà máa ń dún bẹ́ẹ̀. Tó bá dún tó sì dunni, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn.

Ohun mìíràn tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni fífì. Wọ́n á tẹ̀ba, wọ́n á wá máa fi ara wọn sọlẹ̀-sọlẹ̀ bí ọmọ odó, pé bóyá ọwọ́ á kanlẹ̀. Ara ní ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ. Bí a bá fa ẹran lójijì, ọdẹ yẹn á ní kó sún kì, kó má baà ya. Ẹ̀yin ń fà, ẹran ń sún kì, ibi tí méjèèjì ti ń ja fàmí-n-fà-ọ́ ló máa ń já. Ẹni tó bá rọra wọlé, tó dúró fún bí ìṣẹ́jú ààyá 20 sí 30, tó sì ń mí, ọdẹ á mọ̀ ọ́n, á jẹ́ kó kọjá.

Mímí ni òṣùwọ̀n tó ṣeé gbára lé jù lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà á gbọ́ ju ohunkóhun tí mo bá sọ níbí lọ. Ojú lè tan yín. Ìwúrí ọ̀rẹ́ lè tì yín kọjá ibi tó yẹ. Èémí kì í parọ́. Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti rí i pé ẹ ti sé èémí mọ́nú, tí eyín ti wa pọ̀, tí iwájú orí ti hun, ẹ ti kọjá àyè yín. Ẹ padà sẹ́yìn títí tí ẹ ó fi lè mí gba imú, kí ẹ kà á dé mẹ́rin wọlé, kí ẹ kà á dé mẹ́rin jáde, láì fi agbára wá a. Ibẹ̀ ni ibùdó yín lónìí. Lọ́la, ó lè jìn sí i, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ka gbogbo agbára yín sí mẹ́wàá, kí ẹ lo mẹ́fà tàbí méje, ìyókù jẹ́ ti ọ̀nà ilé.

Ara tí kálukú gbé wá sórí ẹní ti ní ìtàn tirẹ̀ kó tó débẹ̀. Ahunṣọ-òfì tó ti fi ogún ọdún jókòó sídìí òfì, ẹ̀yìn rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ láti Ọjà Ọba lọ sí Tanke látàárọ̀ dalẹ́, ìgbáròkó rẹ̀ ti sún kì. Ìyá tó ń tajà lórí àpótí lè lóṣòó kó pẹ́, ohun tí ọ̀dọ́ inú ọ́fíìsì ò lè ṣe, àmọ́ ẹ ní kó gbé apá sókè ẹ wò ó. Àwọn kan wà tí oríkèé wọn rọ̀ láti ilé ọlọ́mọ, tí ìgbọ̀nwọ́ wọn ń tẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn tí gbogbo èèyàn ń yìn nínú kíláàsì nìyẹn, àwọn gan-an ló sì yẹ kó ṣọ́ra jù, torí ara wọn kì í sọ pé ó tó. Fún irú wọn, kí wọ́n dúró kó tó dé ìkángun, kí wọ́n mú ẹran wọn le, ju kí wọ́n tún máa rọ̀ sí i lọ.

Orúnkún, àga, àti ohun tí irun ti kọ́ wa

Àlájà kan wà láàárín wa, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó fẹ́ ká ẹsẹ̀ jókòó sílẹ̀ bí ti àwòrán, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí itan òsì, ẹsẹ̀ òsì lórí itan ọ̀tún. Orúnkún rẹ̀ ń gún un, kò sọ̀rọ̀. Mo bi í pé, “Ìyá, báwo lẹ ṣe ń kírun?” Ó ní, “Orí àga ni, orúnkún ò gbà mọ́.” Mo ní, “Ta ló ní kí ẹ lo àga?” Ó wò mí. Ó ní ẹ̀sìn ló fún òun láyè: ẹni tí kò bá lè dúró, kó jókòó, ẹni tí kò bá lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ṣé ẹní yóga wá le ju ẹní ìkírun lọ ni?” Láti ọjọ́ náà, orí àga ló ń ṣe púpọ̀ nínú tirẹ̀.

Orúnkún jẹ́ oríkèé tó ń ṣí tó ń pa dé bí ilẹ̀kùn. Yíyí rẹ̀ kéré. Ìgbáròkó ni Ọlọ́run dá fún yíyí. Tí ìgbáròkó bá gan, tí a sì fi tipátipá ká ẹsẹ̀, orúnkún ni yóò yí dípò rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì ya. Torí náà, bí ẹ bá ń ká ẹsẹ̀ tí ẹ gbọ́ ohunkóhun ní orúnkún, ẹ tú u. Ẹ jókòó lórí ìrọ̀rí tàbí àpótí. Púpọ̀ nínú àwọn ère òkúta tó wà ní mùsíọ́mù Èsìẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, orí àpótí ni wọ́n jókòó sí, ẹ̀yìn wọn nà, wọ́n sì níyì. Ìjókòó gidi nìyẹn.

Kò sí ìtìjú nínú ohun ìrànlọ́wọ́. B. K. S. Iyengar, tí wọ́n bí ní 1918 tó sì di olóògbé ní 2014, wà lára àwọn olùkọ́ yóga tí òkìkí wọn kàn jù láyé, òun ló sọ lílo pákó, ìgbànú, àga àti ògiri di ohun tó gbajúmọ̀. Àìsàn ló fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe, ó mọ ohun tí ara tí kò lágbára ń fẹ́. Ní tiwa, kò di dandan kí ẹ ra nǹkan kan. Ọ̀já tí ẹ fi pọn ọmọ gùn, ó sì yi: ẹ gbé e kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ̀yìn yín ò ní ká. Àpótí á gba ọwọ́ tí kò kanlẹ̀. Ìrọ̀rí á gba orúnkún tó wà lókè. Ohun tí mo máa ń kìlọ̀ fún ni ẹní. Ẹní ìbílẹ̀ àti ẹní ìkírun máa ń yọ̀ lórí táìsì. Ẹni tó la ẹsẹ̀ lórí rẹ̀ lè ya sí méjì kó tó mọ̀. Bí kò bá sí ẹní onírọ́bà, ẹ fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí símẹ́ǹtì, kí ẹ fi ẹní sílẹ̀ fún ìjókòó àti ìdùbúlẹ̀.

Òṣùká àti ìforídúró

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa ní láti kékeré lòun ti ń ru omi, garawa tó kún dẹ́nu, láti ibi ẹ̀rọ dé ilé. Kí ló dé tí òun ò lè fi orí dúró? Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń ru omi. A ti ń kọ́ ọ látìgbà tí a ti ń gbé korobá kékeré. A fi òṣùká sórí. Ọrùn nà gbọọrọ lórí ara tó dúró ṣánṣán. Bí ó bá yẹ̀, a óò da omi náà sílẹ̀, ká sì sá sẹ́yìn. Ẹni tó fi orí dúró ti di ẹrù fúnra rẹ̀, kò sì rí ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí bí ọrùn bá yẹ̀. Àwọn egungun ọrùn kéré, wọn ò jọ ti ìbàdí. N kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìforídúró, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fi fídíò kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ojú tún wà níbẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í rò ó. Tí èèyàn bá fi orí dúró, agbára tí omi inú ẹyinjú fi ń tì lè di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ò lè fara mọ́ irú rẹ̀, glaucoma sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ó máa ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ láì dunni, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ pé àwọn ní in. Bí wọ́n bá ní in nínú ìdílé yín, ẹ yẹ ojú wò kí ẹ tó máa ṣe ohunkóhun tí orí fi wà nísàlẹ̀ ìdí.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru náà, ẹ má gbé orí sísàlẹ̀ pẹ́, ẹ má sé èémí, kí ẹ sì rọra dìde, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn rẹ̀, torí òyì lè gbé yín ṣubú. Aboyún kò gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀. Bí oyún bá ti ń wọ oṣù karùn-ún, kó má fi ẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́, nítorí ilé ọmọ lè tẹ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀. Oyún máa ń mú kí àwọn ìdè oríkèé rọ̀, torí náà kó má nà dé ìkángun. Àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, kó yẹra fún kíká ẹ̀yìn pọ̀ síwájú. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú, kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn tó bá ṣe tán, torí ọgbẹ́ lè wà níbẹ̀ tí kò ní mọ̀. Ẹni tí genotype rẹ̀ jẹ́ SS lè ṣe yóga pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmọ́ kó mu omi dáadáa, kó má jẹ́ kí ó rẹ òun tẹnutẹnu, bí ìgbáròkó bá sì ń dùn ún, kó rí dókítà kó tó tún nà án, nítorí àìsàn náà lè ba orí eegun ibẹ̀ jẹ́.

Ojú ọjọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Lókè òkun, àwọn kan máa ń mú yàrá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 40 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ooru Ìlọrin ní oṣù Kẹta ò jìnnà sí i, ooru sì máa ń mú kí ara dà bí èyí tó rọ̀ ju bó ṣe rọ̀ lọ. Ẹ ṣe é kí oòrùn tó mú, kí omi wà nítòsí. Nígbà ọyẹ́, ìdàkejì rẹ̀ ni: ara ti gan láàárọ̀, ẹ rìn, ẹ gbá àgbàlá, ẹ mi èjìká fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó na ohunkóhun. Nínú oṣù ààwẹ̀, a máa ń sún tiwa sí alẹ́, nígbà tí oúnjẹ ìṣínu bá ti fúyẹ́ nínú. Bí ẹ bá jẹ àmàlà tàbí iyán, ẹ fún un ní wákàtí méjì sí mẹ́ta.

“Ẹ má tẹ̀ mí mọ́, ó ti tó”

Ìwà ọmọlúàbí tiwa náà lè fa ìpalára bí a ò bá ṣọ́ra. Olùkọ́ á wá láti ẹ̀yìn, á gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn yín, á máa tẹ̀ yín sísàlẹ̀. Ó dàgbà jù yín lọ, tàbí ó jẹ́ àlejò tó ti òkèèrè wá kọ́ yín. Ẹ ò fẹ́ já a kulẹ̀. Ẹ dákẹ́. Mo ti rí obìnrin tó ń sunkún lábẹ́ ọwọ́ olùkọ́ láì fọhùn. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má tẹ̀ mí mọ́, ó ti tó.” Olùkọ́ gidi á gbé ọwọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, á sì dúpẹ́. Kódà kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún un níbi tí ara yín ti ní ìṣòro, bí ẹ bá sì rí i pé kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó lóyún, bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un rí, ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ máa ṣe kékeré.

Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ ná? Ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ má tún gbìyànjú ìdúró náà láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń dunni. Bí ó bá wú, ẹ fi aṣọ ìnura wé píọ̀ wọ́tà tó ti dì, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún un ṣe nígbà tó bá yá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná jó ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, kí wọ́n má sì fà á pé àwọn fẹ́ tò ó láì tíì yà á wò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì-mẹ́ta, kí ẹ máa rọra lò ó, torí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ náà kì í jẹ́ kó tètè san. Bí ẹ kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, tàbí tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dín kù, ẹ lọ rí dókítà tàbí físíò.

Àwọn àmì kan wà tí a kì í dúró di ọjọ́ kejì fún. Bí ẹ̀yìn bá ń dunni tí ojú ara àti ìdí sì kú, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò ṣeé mú mọ́ra mọ́, tí ẹsẹ̀ ń rọ, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lóru lóru. Bákan náà ni bí ọrùn tàbí orí bá ń fọ́ni lójijì lẹ́yìn ìdúró tó yí ọrùn, tí òyì ń kọ́ni, tí ojú ń rí méjì, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu.

Ní Sátidé tó kọjá, Àlájà jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé ọ̀já kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí n béèrè. Ó ní, “Ó ń fà. Àárín itan ni. Kò gún.” Ó sì mí síta.